Àpò Kékeré Ni Ọ̀gá: Ìmúra fún Ìrìn-àjò Afẹ́ sí Àwọn Erékùṣù Kàríbíánì

Ọ̀rọ̀ ẹrù dídì la fẹ́ sọ lónìí. Bí òtútù bá ti mú dé góńgó ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ a máa kó ara wọn jọ, ẹbí kan ni o, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ ni o, tàbí tọkọtaya tó ń ṣe àjọyọ̀ ogún ọdún ìgbéyàwó, wọn a sì wọ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo àwọn erékùṣù Kàríbíánì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí krúùsì. Àwọn ará Houston a wọ tiwọn ní èbúté Galveston. Àwọn tó wà ní Atlanta àti Florida a gba Miami, Port Everglades tàbí Port Canaveral. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù a wọ bàálù lọ bá ọkọ̀ ní Barbados tàbí ní Miami, bí wọn ò bá gba Southampton lọ. Kí wọ́n tó gbéra, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi ara wọn lórí WhatsApp: aṣọ wo la máa wọ̀? Ìbéèrè gidi ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú, kò tiẹ̀ yẹ kó ṣe ìkẹta. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú ni pé: bí ilẹ̀ bá ti pòórá lójú, kí ni ohun tí mi ò ní rí rà, tí mi ò lè padà lọ mú nílé, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè fi rán ọmọ sí mi? Ohun náà ni ẹrù. Ìyókù, fáàrí ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní èbúté Miami. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ nínú mọ́tò báyìí, alábàárù kan ti dúró níwájú yín. Á wo pélébé ìwé tí ẹ so mọ́ ọwọ́ báàgì, èyí tí nọ́ńbà yàrá yín nínú ọkọ̀ wà lára rẹ̀, á gbé báàgì náà, á sì jù ú sórí kẹ̀kẹ́ onírin gàgàrà kan tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún báàgì bíi tirẹ̀ ti wà. Ó dìgbà, ẹ̀yin àti báàgì pínyà nìyẹn. Wọ́n á ti gbogbo ẹrù náà gba inú ẹ̀rọ tó ń wo inú báàgì, wọ́n á pín wọn ní pẹpẹ-pẹpẹ ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wá máa gbé wọn kiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin fúnra yín lè ti wà nínú ọkọ̀ láti aago méjìlá ọ̀sán, kí ilẹ̀ ti ṣú kí báàgì yín tó dé. Nínú gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, àpò kékeré tó kọ́ yín léjìká nìkan lẹ ní láyé. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àárọ̀ bá wà nínú báàgì ńlá, ó di alẹ́. Bí aṣọ ìwẹ̀ ọmọ bá wà níbẹ̀, ọmọ á máa wo omi, á máa sunkún. Bó bá wá jẹ́ páálí ìrìnnà lẹ kó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀: báàgì yín á ti wọkọ̀, ẹ̀yin á wà lórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àpò kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ dì, lọ́sẹ̀ méjì ṣíwájú ìrìn-àjò, kí ẹ tó ronú kan èkejì rárá.

Ìwé ló ṣíwájú nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbọ́ pé àwọn ò nílò páspọ́ọ̀tù fún krúùsì, òótọ́ sì ni. Láti 2009 ni òfin ti gbà wọ́n láàyè láti fi ìwé ẹ̀rí jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀, bíi ìwé ọjọ́ ìbí Amẹ́ríkà tàbí ìwé ẹ̀rí dídi ọmọ ilẹ̀, àti káàdì ìdánimọ̀ ìjọba rìn, bí ọkọ̀ náà bá máa padà sí èbúté Amẹ́ríkà kan náà tó ti gbéra. Síbẹ̀, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀ ní Cozumel, tàbí tí àìsàn sọ yín sílẹ̀ ní ọsibítù kan ní Nassau, bàálù ló máa gbé yín wálé, bàálù ò sì mọ ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹni tó jẹ́ pé páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú àánú òfin yìí rárá. Gíríìnì káàdì àti páspọ́ọ̀tù ni kí onígíríìnì káàdì kó dání. Ẹni tó wá kí ọmọ lórí físà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá físà àwọlé-wọ̀de ẹ̀ẹ̀melòó kan ni. Àwọn kan máa ń jiyàn pé, ṣebí Miami la ti gbéra, Miami la ń padà sí, a ò kúrò ní Amẹ́ríkà. Ẹ ti kúrò. Òfin kan wà láti 1886 tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ Bàhámà, Pánámà tàbí Málítà ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yà sí orílẹ̀-èdè mìíràn kí wọ́n tó padà. Físà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣílẹ̀kùn, Nassau ló máa kú sí.

Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹbí ní ìwé kejì tó gbọ́dọ̀ rántí, ìyẹn yẹ́lò káàdì. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ń jà, ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíánì sì ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bọ̀. Bí káàdì yín bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ má sọ ọ́ nù. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà tó títí ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ẹni tó bá gbà á ní àná, tó fẹ́ wọkọ̀ lónìí, kò tíì ṣe nǹkan kan. Káàdì tí wọ́n sì kọ láìgún abẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ̀fọn kì í kàwé.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ò ní parí láìkan Kúbà. Ó máa ń wu ọmọ Yorùbá láti dé Havana, kó rékọjá omi lọ sí Regla, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún Yemọja pẹ̀lú Màríà Mímọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án. Láti Amẹ́ríkà, ọ̀nà krúùsì ṣí ní oṣù karùn-ún 2016, ìjọba ibẹ̀ sì tì í pa ní oṣù kẹfà 2019. Ọkọ̀ tí kò ti Amẹ́ríkà gbéra ṣì lè yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tẹ́tí: onípáspọ́ọ̀tù Ìlú Ọba tó bá ti fẹsẹ̀ kan Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2021, kò lè fi ESTA, ìyẹn àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọlé láìgba físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, àfi kó lọ wá físà gidi ní ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà. Ọ̀sán kan péré ní Havana ni o. Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ, mo ní kí ẹ lọ pẹ̀lú ojú yín lílà. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì tó kù sí i ní kíá: òbí tó bá ń dá mú ọmọ rìn, kí ó gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí kejì. Aláboyún tí oyún rẹ̀ máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún kí ìrìn-àjò tó parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà ní èbúté, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí kì í gbé e.

Lẹ́yìn ìwé, oògùn. Níbí yìí ni àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù ti ń wọlé, pé ìlú ńlá ni ọkọ̀ yẹn, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní dókítà, kí ni owó ò lè rà níbẹ̀? Ẹ lọ wo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà: aago olówó iyebíye, lọ́fínńdà, ọtí, góòlù, ṣẹ́ẹ̀tì alákọlé. Oògùn orí fífọ́ wà. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín gan-an, ní ìwọ̀n tí dókítà yín kọ, kò sí. Gíláàsì ojú yín tó fọ́, kò sẹ́ni tó máa ro òmíràn fún yín láàárín òkun. Dókítà ọkọ̀ wà lóòótọ́, iṣẹ́ ẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là kí wọ́n tó gbé èèyàn dórí ilẹ̀ ni tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì yọjú, owó ni. Nítorí náà, gbogbo oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kékeré, nínú ìgò tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ dà wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Ẹ má sì ka oògùn ọjọ́ méje fún ìrìn-àjò ọjọ́ méje. Ìgbà ìjì ńlá ní Kàríbíánì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Bí ìjì bá ti èbúté pa, orí omi ni ọ̀gákọ̀ máa fi ọkọ̀ sí títí yóò fi lọ. Ẹ fi ti ọjọ́ mẹ́rin kún un.

Bí ẹ bá mọ̀ pé òòyì ojú omi máa ń kọ́ yín, ìgbà tí ẹ bá ń gba yàrá ni kí ẹ ti tọ́jú ara yín. Ọkọ̀ lórí ìgbì dà bí pákó tí ọmọdé méjì jókòó sí lórí méjèèjì, tí wọ́n ń ju ara wọn sókè sódò. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń fò, ẹni tó bá jókòó sáàárín ò lọ ibì kan. Yàrá ìsàlẹ̀, láàárín ọkọ̀, ni kí ẹ béèrè, ó sì sábà máa ń dínwó ju ti òkè tí gbogbo ayé ń dù. Atalẹ̀ máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn meclizine, ṣùgbọ́n kí èébì tó bẹ̀rẹ̀ ni ká ti lò ó. Ọ̀rọ̀ àgbo ńkọ́? Mi ò bá àgbo jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgò tí kò lórúkọ, tí omi dúdú wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà yín gbọ́ lórí rẹ̀ ní èbúté, wọ́n á dà á nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín nítorí pé Jàmáíkà dẹ òfin igbó mímu ní 2015. Òfin tó wà nínú ọkọ̀ kò dẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dúró dè yín ní Miami kò sì dẹ̀.

Èyí tó tún yẹ kó wà nínú àpò náà ni ìwé adójútòfò ìrìn-àjò, pàápàá fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí Medicare ń sanwó ìwòsàn fún ní Amẹ́ríkà. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò nínú omi Amẹ́ríkà, Medicare kì í sábà tẹ̀ lé e, kódà nínú omi Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí èbúté Amẹ́ríkà ju wákàtí mẹ́fà lọ. Bàálù tó máa gbé aláìsàn láti erékùṣù padà sí Florida lè ná ẹbí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń fẹ́ rí owó kí bàálù tó gbéra. Àwọn kan á ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́, pé ẹni tó ń ra adójútòfò ń pe ibi. Ẹni yẹn náà ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́, kò sì sí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù tó bá a wí pé ó ń pe olè.

Ohun tí kò yẹ kó wà nínú ẹrù wá ńkọ́? Lórí èyí ni àṣà wa àti òfin ọkọ̀ ti máa ń kọlu ara wọn. Áyọ́ọ̀nù kì í wọ ọkọ̀. Kẹ́tùlù kì í wọ̀ ọ́. Bọ́ílíǹ-rìn, irin kọ́lọ́kọ́lọ́ tí wọ́n ń kì bọ omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìgboro Èkó, kò wọ̀ ọ́ bó ti wù kí ẹ fi ìró wé e tó, torí ẹ̀rọ èbúté ń rí i kedere bí eegun ẹja. Àbẹ́là, tùràrí, àti wáyà ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n tó ní ohun tó ń dáàbò bo iná nínú, wọ́n á gba gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwà ìkà ni, tàbí pé wọ́n fẹ́ ká fi owó fọṣọ lọ́dọ̀ wọn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2006, ọkọ̀ Star Princess ń bọ̀ láti Grand Cayman, ó ń lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, iná sọ ní ọ̀kan nínú àwọn bákónì rẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí ní àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ kùkú sìgá kan ló fà á. Ó ju ọgọ́rùn-ún yàrá lọ tó bà jẹ́, èèfín sì pa èrò kan. Kùkú sìgá nìyẹn o, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Lórí òkun, kò sí pánápáná tí ẹ máa pè, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún yín àti àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín náà ni wọ́n máa dìde bá iná jà. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ jẹ oúnjẹ ilé, kó ṣàyẹ̀wò òfin ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gba ìpápánu inú ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ pa, wọn kì í gba ọbẹ̀ inú kúlà. Gàrí inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ò sì nílò iná kankan, omi tútù ti tó o.

Ní báyìí, mo dé orí aṣọ. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀, mi ò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọn yàrá náà wò. Yàrá inú ọkọ̀ tí èèyàn méjì ń sùn sí kì í sábà ju nǹkan bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbùú lóòró lọ, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni báàgì ń gbé. Bí ẹni méjì bá kó báàgì ńlá mẹ́rin wá, orí ẹrù ni wọ́n á máa gùn kọjá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ méje. Alẹ́ mélòó ló wà fún ìmúra ńlá nínú ọ̀sẹ̀ kan? Ẹ̀ẹ̀kan ni, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Aṣọ ìbílẹ̀ dára fún un, ẹni tó wọ agbádá tàbí ìró àti bùbá kò kéré sí ẹni tó wọ kóòtù. Kókó ibẹ̀ ni irú aṣọ tí ẹ mú. Gínnì tí wọ́n lù, tí wọ́n fi sítáàṣì sí, bó bá lo ọjọ́ kan nínú báàgì, á di ojú arúgbó, kò sì sí áyọ́ọ̀nù nínú yàrá. Léèsì kì í rún bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àdìrẹ onísílíìkì. Ẹ ká a rúgúrúgú bí ẹní dípò kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, bí ẹ bá sì dé yàrá, ẹ gbé e kọ́ sílé ìwẹ̀, kí ooru omi gbígbóná nà án. Bàtà gogoro ò bá ilẹ̀ tó ń mì tìtì ṣọ̀rẹ́. Ìborùn tàbí súwẹ́tà kan ṣe pàtàkì ju gèlè kẹta lọ, nítorí pé àwọn tó ń darí ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń fi éésì mú inú ilé oúnjẹ tutù bí ilé yìnyín, nígbà tí oòrùn ń jóni níta.

Aṣọ kan wà tó jẹ́ pé òfin ló kọ̀ ọ́, ìyẹn aṣọ aláwọ̀ sójà. Ní Barbados, Jàmáíkà, Saint Lucia àti Trinidad, ẹni tí kì í ṣe sójà kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kódà kó jẹ́ ṣòkòtò péńpé ọmọ ọdún márùn-ún. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu, a mọ ohun tí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ nílé ń rí. Ẹ tún fọkàn sí ìṣísẹ̀. Ní George Town ní Grand Cayman, kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè so mọ́, ọkọ̀ kékeré ló ń wá kó èrò. Ìgbì á gbé ọkọ̀ kékeré yẹn sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Atukọ̀ kan á di ọrùn ọwọ́ yín mú, á ní kí ẹ dúró, kí ẹ dúró, á wá ní ó yá! Ẹni tó bá gbé báàgì lọ́wọ́ ọ̀tún, tó fi tòsì gbé ìró sókè, ọwọ́ wo ni yóò fi di irin mú? Àpò àgbékọ́yìn ló bá ibẹ̀ mu, pẹ̀lú sáńdà tó dì mọ́ ẹsẹ̀.

Lórí oòrùn, àtakò wa kì í tán: aláwọ̀ dúdú ni wá, nínú oòrùn ni wọ́n bí wa sí. Awọ dúdú ń gbèjà wa lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe odi. Ẹni tó ti gbé Manchester fún ogún ọdún, tí omi òkun wá ń tan oòrùn padà sí i lójú láti òwúrọ̀ dalẹ́, á jóná. Ẹni tó ti fi ìpara bó awọ ara rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ká òrùlé kúrò. Fìlà ẹlẹ́tí gbòòrò àti ìpara adènà oòrùn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Láti oṣù kẹta 2020, erékùṣù US Virgin Islands ti fòfin de ìpara tó bá ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene, Aruba náà sì de oxybenzone, láti dáàbò bo iyùn. Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn. Ohun tí ọba ń so mọ́rùn jẹ́ ìbátan ẹ̀dá alààyè tó ń kọ́ odi àpáta sábẹ́ òkun Kàríbíánì, tí ẹja ń gbé inú ẹ̀ bí ẹyẹ inú igi. Èyí tó ní zinc oxide ni kí ẹ wá. Ní ti ẹ̀fọn, èyí tó ń gbé ibà dengue kiri níbẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, kì í dúró de àsìkò tí ẹ máa ta nẹ́ẹ̀tì. Ìpara alé-ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo erékùṣù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á ní gbogbo ìdààmú yìí ti dópin, fóònù ti kó gbogbo rẹ̀ sínú: tíkẹ́ẹ̀tì, àwòrán páspọ́ọ̀tù, owó, aago. Ẹ jẹ́ ká mú aago nínú wọn. Jàmáíkà kì í yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bíi ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá, bí aago bá lu mẹ́rin ní Miami, mẹ́ta ni ní Ocho Rios. Fóònù yín, bó bá ti gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì erékùṣù mú, á yí ara rẹ̀ padà láìsọ fún yín. Ọkọ̀ lè má yí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gákọ̀ máa ń lo aago Miami títí wọ́n á fi padà sílé. Wọ́n ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago mẹ́rin. Ẹ wo fóònù, ẹ rí mẹ́ta, ẹ ní ẹ ṣì ní wákàtí kan láti ra nǹkan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń tú okùn. Fún àwọn tó ti Galveston lọ sí Cozumel, ìgbà òtútù ni tiwọn máa ń yàtọ̀, Cozumel ló sì máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú. Ọkọ̀ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò kò ní dúró de ẹni méjì, àfi tí ìrìn tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò bá pẹ́ ni wọ́n máa ń dúró. Aago ọwọ́ lásán, tí kò mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ẹ fi sí aago ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ló lè gbà yín níbẹ̀. Fóònù náà, ẹ fi sí ipò tí wọ́n ń fi í sí nínú bàálù bí ọkọ̀ bá ti gbéra, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú òkun máa ń gbówó lórí gan-an. Kí ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù tí a tẹ̀ sórí bébà wà nínú àpò, níbi tí bátìrì ò ti lè kú mọ́ ọn lára.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù. Láti ìgbà tí ọkọ̀ Costa Concordia ti dojú dé ní Ítálì lóru ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2012, tí èèyàn 32 sì kú, òfin àgbáyé ti yí padà: kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí bó bá ti ń gbéra ni gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí wọ́n máa sá sí. Ní òru yẹn, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọjọ́ náà kò tíì gba ẹ̀kọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó ń wá báàgì ńlá nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Ibi tí gíláàsì, bàtà pẹlẹbẹ àti oògùn yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín ni ọwọ́ yín máa bà.

Alẹ́ tó kẹ́yìn ìrìn-àjò, àwọn òṣìṣẹ́ á ní kí ẹ gbé báàgì ńlá sí ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó tún ṣú jù, nǹkan bí aago mẹ́wàá sí méjìlá. Wọ́n á kó wọn lọ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó di orí ilẹ̀ Miami kí ẹ tó tún rí wọn. Àṣìṣe ibẹ̀ ti di ẹ̀rín láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀: ẹni tó fi gbogbo ọkàn di báàgì, tó gbé e síta, tó wọ aṣọ ìsùn, tó sùn fọnfọn, tó wá jí láàárọ̀ tí kò ní ṣòkòtò. Èèyàn gidi, tó wọ agbádá lánàá, á bá ara rẹ̀ nínú pìjámà àti sílípáàsì níwájú ọ̀gá aṣọ́bodè. Ẹ̀wù kan, ṣòkòtò tàbí ìró kan, bàtà, oògùn àárọ̀ àti páálí: inú àpò kékeré ni kí wọ́n sùn mọ́jú.